Orí Kẹjọ: Ìdènà Àkóràn HIV Láti Ara Ìyá sí Ọmọ Nípa Àjọṣe Àwọn Òṣìṣẹ́ Ìlera

8.1 Ìbéèrè tí orí yìí fẹ́ dáhùn

Bí aláboyún bá ní kòkòrò HIV lára, tí kò sì rí ìtọ́jú kankan gbà, ọ̀nà mẹ́ta ni ọmọ rẹ̀ fi lè kó o: nínú oyún, nígbà ìbí, àti nídìí ọmú. Bí a bá pa ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tí irú àwọn ìyá bẹ́ẹ̀ bá bí, 15 sí 45 ni yóò kó kòkòrò náà. Ṣùgbọ́n bí ìyá bá tètè mọ̀, tó ń lo oògùn adẹ́kun HIV lójoojúmọ́, tí wọ́n sì fún ọmọ ní omi oògùn tirẹ̀ lẹ́yìn ìbí, iye náà kì í tó 5, kódà láàárín àwọn ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú. Ìmọ̀ yìí ti pẹ́ nílẹ̀. Ní 1994, ìwádìí kan tí wọ́n ń pè ní ACTG 076 fi hàn pé oògùn zidovudine dín àkóràn kù láti nǹkan bí 25 nínú ọgọ́rùn-ún sí 8. Ní 1999, ìwádìí HIVNET 012 tí wọ́n ṣe ní Kampala, ní Uganda, fi hàn pé hóró nevirapine kan ṣoṣo fún ìyá nígbà ìrọbí, àti ẹ̀kán díẹ̀ fún ọmọ, lè mú àkóràn wálẹ̀ tó nǹkan bí ìdajì. Malawi bẹ̀rẹ̀ sí í fún gbogbo aláboyún tó ní HIV ní oògùn títí ọjọ́ ayé ní 2011. Nígbà tó di 2015, Àjọ Ìlera Àgbáyé ti dámọ̀ràn pé kí gbogbo ẹni tó bá ní kòkòrò náà bẹ̀rẹ̀ oògùn láìfi falẹ̀.

Kí ló wá fà á tí àwọn ọmọ ṣì fi ń kó o? Kí ló dé tí Nàìjíríà, tó bẹ̀rẹ̀ ètò ìdènà yìí láti 2002 ní àwọn ilé ìwòsàn ńlá díẹ̀, fi wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ti pọ̀ jù lọ láyé? Èsì tó máa ń kọ́kọ́ wá sẹ́nu ni pé owó kò sí, tàbí pé àwọn obìnrin kò gbọ́ràn. Ohun tí orí yìí ń sọ yàtọ̀ sí ìyẹn. Ohun tó ń já ọmọ sílẹ̀ jù ni àlàfo tó wà láàárín ìgbésẹ̀ ìtọ́jú kan àti èyí tó tẹ̀ lé e. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lójoojúmọ́ ló lè dí àlàfo náà, bí wọ́n bá pawọ́ pọ̀, tí wọ́n ń ka iye tiwọn fúnra wọn, tí ilé ìwòsàn kan sì ń kọ́ lára èkejì. A ó wo ẹ̀rí tó gbe ọ̀rọ̀ yìí lẹ́sẹ̀, a ó sì wo èyí tó takò ó.

8.2 Ìṣirò ìgbésẹ̀ márùn-ún

Kí ọmọ kan tó bọ́ nínú ewu, ó kéré tán, nǹkan márùn-ún gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀ ní tẹ̀lé-ń-tẹ̀lé. Ìyá gbọ́dọ̀ wá sí ibi ìtọ́jú aláboyún. Wọ́n gbọ́dọ̀ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, kó sì gbọ́ èsì. Ó gbọ́dọ̀ gba oògùn sọ́wọ́. Ó gbọ́dọ̀ máa lò ó títí di ìbí, títí tí yóò fi gba ọmú lẹ́nu ọmọ. Lẹ́yìn náà, ọmọ gbọ́dọ̀ gba oògùn tirẹ̀, kí wọ́n sì yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ká ní ilé ìwòsàn kan ń ṣe dáadáa débi pé nínú ẹni mẹ́wàá tó dé ìdí ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, mẹ́sàn-án ló ń gba ibẹ̀ kọjá. Ẹni tó bá wo ìgbésẹ̀ kan ṣoṣo yóò yìn wọ́n. Ṣùgbọ́n bí obìnrin 100 bá bẹ̀rẹ̀, 90 ló máa kù lẹ́yìn ìgbésẹ̀ kìíní, 81 lẹ́yìn ìkejì, 73 lẹ́yìn ìkẹta, 66 lẹ́yìn ìkẹrin, 59 ní ìparí. Bó bá jẹ́ ẹni mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ló ń kọjá, 33 péré ni yóò dé òpin. Kò sí ẹni tó ṣe iṣẹ́ búburú níbì kan, síbẹ̀ ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ìyá ti já sọ́nà.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ ìṣirò kan wò ó síwájú sí i. Ká sọ pé láàárín àwọn tí kò dé òpin, ọmọ 30 nínú ọgọ́rùn-ún ló ń kó HIV. Ká tún sọ pé láàárín àwọn tó dé òpin, oògùn àtijọ́ ń jẹ́ kí 10 kó o, oògùn tuntun sì ń jẹ́ kí 2 kó o. Bí ìyá 33 péré bá dé òpin pẹ̀lú oògùn àtijọ́, ọmọ bíi 23 ni yóò kó kòkòrò náà. Bí a bá gbé oògùn tuntun wá, tí a kò sì tún ìgbésẹ̀ kankan ṣe, 23 yẹn yóò di 21. Ṣùgbọ́n bí a bá fi oògùn àtijọ́ sílẹ̀ bó ṣe wà, tí a tún ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe títí tí 95 nínú ọgọ́rùn-ún fi ń kọjá, 23 yóò di 15. Bí a bá ṣe méjèèjì pọ̀, yóò di 8. Ní 2011, Pierre Barker, Wendy Mphatswe àti Nigel Rollins tẹ ìṣirò tiwọn jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí kan náà, ibi tó sì forí lé nìyí: oògùn tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù nìkan kò tó. Akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ di èyí mú dáadáa, nítorí òun ni ìpìlẹ̀ gbogbo ohun tó kù: oògùn tó dára máa ń so èso ní ìwọ̀n bí ìgbésẹ̀ tó gbé e dé ọ̀dọ̀ ìyá bá ṣe lágbára tó.

8.3 Bí ẹgbẹ́ àtúnṣe ṣe ń ṣiṣẹ́

Inú iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ńlá ni ọgbọ́n tí a fẹ́ ṣàlàyé yìí ti wá, láti ọwọ́ Walter Shewhart àti W. Edwards Deming ní Amẹ́ríkà. Ní 1995, Institute for Healthcare Improvement gbé e wọ inú iṣẹ́ ìlera lábẹ́ orúkọ Breakthrough Series. Bó ṣe ń lọ nìyí. Ilé ìwòsàn mélòó kan tí ìṣòro kan náà ń bá fínra yóò kóra jọ. Ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò yan àwọn tí yóò ṣojú fún un: nọ́ọ̀sì, agbẹ̀bí, ẹni tó ń ṣàyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, ẹni tó ń kọ rẹ́jísítà. Wọn yóò pàdé fún ọjọ́ díẹ̀, wọn yóò padà sẹ́nu iṣẹ́ fún oṣù díẹ̀ láti dán nǹkan wò, wọn yóò sì tún pàdé láti fi ohun tí wọ́n rí han ara wọn. Ìbéèrè mẹ́ta ló ń darí wọn. Kí la fẹ́ kó ṣẹlẹ̀, títí di ìgbà wo? Báwo la ó ṣe mọ̀ pé àyípadà tí a ṣe ti mú nǹkan sunwọ̀n? Àyípadà wo la lè dán wò? Ìdánwò kọ̀ọ̀kan kì í tóbi: wọn yóò gbèrò, wọn yóò dán an wò fún ọ̀sẹ̀ kan, wọn yóò yẹ iye wò, wọn yóò sì pinnu bóyá kí wọ́n tẹ̀ síwájú, kí wọ́n tún un ṣe, tàbí kí wọ́n jù ú nù.

Ẹ jẹ́ ká wo ibì kan ní ìsúnmọ́: ìgbésẹ̀ karùn-ún, àyẹ̀wò ọmọ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ọ̀sẹ̀ kẹfà yìí gan-an ni àwọn ìyá máa ń gbé ọmọ wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, nítorí náà ọmọ náà wà nínú ọgbà ilé ìwòsàn. Ṣùgbọ́n yàrá abẹ́rẹ́ yàtọ̀ sí yàrá tí wọ́n ti tọ́jú ìyá nígbà oyún. Inú rẹ́jísítà kan ni èsì ìyá wà, káàdì ọmọ sì wà lọ́tọ̀. Nọ́ọ̀sì tó mú abẹ́rẹ́ dání kò mọ ohunkóhun nípa ẹ̀jẹ̀ ìyá, ìyá náà kò sì lè pariwo rẹ̀ lójú èrò tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì. Ọmọ gba abẹ́rẹ́, wọ́n sì gbé e lọ sílé, láìsí ẹni tó gún un ní gìgísẹ̀ láti kán ẹ̀jẹ̀ sórí bébà àyẹ̀wò. Bẹ́ẹ̀, nǹkan bí ìdajì àwọn ọmọ tó bá kó HIV tí wọn kò rí ìtọ́jú ló ń kú kí wọ́n tó pé ọmọ ọdún méjì. Bí a bá gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ sí olú-ìlú, ìwé àṣẹ tuntun ni yóò tibẹ̀ wá. Ṣùgbọ́n bí agbẹ̀bí àti nọ́ọ̀sì abẹ́rẹ́ bá jókòó sídìí tábìlì kan náà, àbá tó lè jáde rọrùn gan-an: kí agbẹ̀bí kọ àmì kékeré kan tí àwọn òṣìṣẹ́ nìkan mọ̀ sórí káàdì ọmọ kí ìyá tó kúrò ní yàrá ìbí. Wọ́n lè dán an wò ní ọ̀sẹ̀ kan, kí wọ́n ka iye ọmọ tó yẹ kí wọ́n gún àti iye tí wọ́n gún. Bó bá ṣiṣẹ́, ilé ìwòsàn kejì yóò mú un lọ ní ìpàdé tó ń bọ̀ láìní í bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà. Ilé ìwòsàn mẹ́wàá tí kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ yóò jẹ ìyà kan náà nígbà mẹ́wàá.

8.4 Ẹ̀rí láti KwaZulu-Natal

Agbègbè KwaZulu-Natal, ní orílẹ̀-èdè Gúúsù Áfíríkà, wà lára ibi tí HIV ti gbilẹ̀ jù lọ láyé. Ní 2002, ilé ẹjọ́ tó ga jù lórí òfin ilẹ̀ náà dá ẹgbẹ́ Treatment Action Campaign láre, ó sì pàṣẹ pé kí ìjọba jẹ́ kí nevirapine dé gbogbo ilé ìwòsàn ìjọba. Ní ti òfin àti ti oògùn, ìjà ti parí. Síbẹ̀, nígbà tí àwọn olùwádìí yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ tí wọ́n gbé wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára wò ní 2004 sí 2005, wọ́n rí i pé 20.8 nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tí ìyá wọn ní HIV ló ti kó o. Oògùn ti wà nílẹ̀ fún ọdún mélòó kan, ṣùgbọ́n kò tíì dé ẹnu ọ̀pọ̀ àwọn tó wà fún.

Ní àgbègbè Amajuba, nínú KwaZulu-Natal kan náà, Tanya Doherty àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá àwọn alábòójútó àti òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn kéékèèké ṣiṣẹ́ láti wá ibi tí iṣẹ́ ti ń jò. Wọ́n jọ yẹ àkọsílẹ̀ wò, wọ́n jọ ṣètò àtúnṣe, wọ́n sì ń padà wo iye lóòrèkóòrè. Ìjábọ̀ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2009 sọ bó ṣe rí lẹ́yìn ọdún kan. Àwọn ìyá tí wọ́n yẹ iye sẹ́ẹ̀lì CD4 wọn wò (sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ tó ń bá àrùn jà) kúrò ní 40 nínú ọgọ́rùn-ún, wọ́n di 97. Àwọn ìyá tó gba nevirapine kúrò ní 57, wọ́n di 96. Àwọn ọmọ tó gbà á kúrò ní 15, wọ́n di 68. Àwọn ọmọ tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kúrò ní 24, wọ́n di 68. Ẹ fi iye wọ̀nyí wé ìṣirò wa ní 8.2, kí ẹ sì wo ibi tí àlàfo tóbi jù sí. Ibi tó ti kan ọmọ ni, lẹ́yìn tí ìyá ti bímọ tán, tí ọwọ́ òṣìṣẹ́ kan ń fi iṣẹ́ lé ọwọ́ òmíràn.

Kò pẹ́ sígbà náà tí ìgbìyànjú irú èyí gbòòrò sí i ní KwaZulu-Natal, pàápàá nípasẹ̀ ètò 20,000+ Partnership tó kó ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn jọ ní agbègbè mẹ́ta. Nígbà tó di 2008 sí 2009, ìwádìí mìíràn ní ibi abẹ́rẹ́ àjẹsára ní KwaZulu-Natal rí i pé àkóràn ti wálẹ̀ sí 7.1. Jákèjádò orílẹ̀-èdè náà, ó jẹ́ 3.5 ní 2010, ó sì jẹ́ 2.6 ní 2012 sí 2013, bí a bá wọ̀n ọ́n láàárín ọ̀sẹ̀ kẹrin sí ìkẹjọ lẹ́yìn ìbí.

8.5 Àwọn àtakò

Àtakò àkọ́kọ́ ló wúwo jù. Ẹlẹ́tàn ni iye ṣáájú àti lẹ́yìn, alátakò yóò wí, nítorí nǹkan púpọ̀ ló ń yí padà lẹ́ẹ̀kan náà. Òótọ́ ni. Ní 2008, Gúúsù Áfíríkà fi zidovudine kún nevirapine, lẹ́yìn náà ni oògùn tún ń dára sí i, nítorí náà kò tọ́ kí ẹnikẹ́ni ka gbogbo ìwálẹ̀ láti 20.8 dé 2.6 sí iṣẹ́ ẹgbẹ́ àtúnṣe. Amajuba pàápàá kò ní agbègbè mìíràn tí wọ́n fi ṣe ìfiwéra. Ẹ̀rí tó tún le jù ìyẹn lọ wá láti ilẹ̀ wa. Ìwádìí Lafiyan Jikin Mata, tí wọ́n ṣe ní ìpínlẹ̀ Benue àti Kaduna, fi kèké pín àwọn ilé ìwòsàn sí ọ̀nà méjì: apá kan dára pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ àtúnṣe ní ìlànà Breakthrough Series, apá kejì ń bá iṣẹ́ lọ bíi ti tẹ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n ka iye ìyá tó ṣì ń gba ìtọ́jú ní oṣù mẹ́fà lẹ́yìn ìbí, kò sí ìyàtọ̀ kan gbòógì láàárín apá méjèèjì.

Kí la fẹ́ fi èyí ṣe? A kò gbọ́dọ̀ fi pa mọ́, a kò sì gbọ́dọ̀ kà á ju ohun tó sọ lọ. Ohun tí wọ́n wọ̀n ní Amajuba ni iṣẹ́ tó ń lọ lábẹ́ òrùlé ilé ìwòsàn nígbà tí ìyá àti ọmọ ti wà níbẹ̀: àyẹ̀wò, oògùn, àkọsílẹ̀. Ohun tí wọ́n wọ̀n ní Benue àti Kaduna ni bóyá ìyá yóò padà wá lẹ́yìn ìbí. Owó ọkọ̀, ọkọ tí kò tíì gbọ́, ìyá ọkọ tó ń béèrè oògùn tí ìyàwó ń lò, àti àṣà lílọ bímọ sílé òbí ló ń pinnu ìyẹn. Nọ́ọ̀sì tó tún káàdì ṣe kò tíì tún ilé aláboyún ṣe. Nítorí náà, ìwádìí Nàìjíríà kò wó ọ̀rọ̀ wa palẹ̀, ṣùgbọ́n ó fún un ní ààlà: àjọṣe àwọn òṣìṣẹ́ ń dí àlàfo tó wà nínú ilé ìwòsàn, èyí tó wà láàárín ilé ìwòsàn àti ilé ìyá ń fẹ́ ọwọ́ mìíràn. Ìwádìí MoMent tí wọ́n ṣe ní àárín gbùngbùn àríwá Nàìjíríà tọ́ka sí ọwọ́ náà. Níbẹ̀, àwọn ìyá tó ní HIV, tí wọ́n ti gba ọ̀nà yìí kọjá rí, ni wọ́n kọ́ láti máa tẹ̀ lé àwọn aláboyún, àwọn obìnrin tí wọ́n tẹ̀ lé bẹ́ẹ̀ sì dúró sídìí ìtọ́jú ju àwọn yòókù lọ.

Àtakò kejì wá láti ẹnu àwọn òṣìṣẹ́ fúnra wọn. Nọ́ọ̀sì kò tó, iná kò sí, èlò àyẹ̀wò máa ń tán. Ṣé ìpàdé ló kù tí ẹ fẹ́ fi kún iṣẹ́ wa? Àròyé yìí tọ́, ìjọba ni yóò sì dáhùn rẹ̀. Kò sí ìpàdé tó lè rọ́pò oògùn tí kò sí. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Ilé ìwòsàn tó ń ka iye rẹ̀ ló lè sọ fún ìjọba ìbílẹ̀ pé aláboyún mélòó ló padà sílé láìṣàyẹ̀wò ní ọjọ́ tí èlò tán, ìyẹn sì lágbára ju ẹ̀dùn ọkàn lásán lọ. Lẹ́yìn èyí, ọ̀pọ̀ àtúnṣe máa ń dín iṣẹ́ kù ni: rẹ́jísítà kan dípò mẹ́ta, fífún aláboyún ní omi oògùn ọmọ kó tó di ọjọ́ ìbí kí ẹnikẹ́ni má baà wá a kiri lóru. Ohun tó ń ba irú ètò yìí jẹ́ ni kí ọ̀gá máa fi iye bú òṣìṣẹ́. Bí iye bá ti di pàṣán, kíá ni rẹ́jísítà yóò kún fún irọ́.

Àtakò kẹta ni pé ọ̀pọ̀ obìnrin kì í wá sílé ìwòsàn rárá. Ìwádìí iye ènìyàn àti ìlera ní Nàìjíríà (NDHS) ti 2018 rí i pé 67 nínú ọgọ́rùn-ún aláboyún ní Nàìjíríà ló gba ìtọ́jú lọ́dọ̀ òṣìṣẹ́ tó kọ́ṣẹ́, ṣùgbọ́n 39 nínú ọgọ́rùn-ún ìbí péré ló wáyé nílé ìwòsàn. Lọ́dọ̀ àwa Yorùbá, ilé agbẹ̀bí àti ilé ìgbẹ̀bí ìjọ ni ọ̀pọ̀ ń lọ, nítorí pé ó sún mọ́lé, wọ́n ń gbàdúrà níbẹ̀, owó rẹ̀ sì ṣeé san díẹ̀díẹ̀. Ìdáhùn ibẹ̀ ni pé kí ẹgbẹ́ àtúnṣe má mọ sí àwọn tó wọ aṣọ funfun. Ní ìpínlẹ̀ Enugu, ìwádìí Healthy Beginning Initiative, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2015, lo àwọn ìjọ 40. Àlùfáà ń gbàdúrà fún àwọn aláboyún, ìjọ ń ṣe àpèjẹ ìkókó fún wọn, wọ́n sì ń ṣàyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú àyẹ̀wò mìíràn, kí HIV má baà dá dúró bí ohun ìtìjú. Aláboyún 92 nínú ọgọ́rùn-ún ló ṣàyẹ̀wò ní àwọn ìjọ tí wọ́n ti ṣe èyí. Ní àwọn ìjọ tí wọ́n fi ṣe ìfiwéra, 55 ni. Ìyá ìjọ tó ń gbẹ̀bí lẹ́tọ̀ọ́ sí ìjókòó ní ìpàdé ẹgbẹ́ àtúnṣe, bí nọ́ọ̀sì ṣe ní.

Àtakò tó gbẹ̀yìn jẹ mọ́ àṣírí: bí ọwọ́ bá ṣe ń pọ̀ sí i, àṣírí ìyá lè tú. Ewu yìí kì í ṣe kékeré, nítorí obìnrin tí àṣírí rẹ̀ tú kì í padà wá mọ́. Òfin tó ta ko ìyàsọ́tọ̀ nítorí HIV ti wà ní Nàìjíríà láti 2014. Ìlànà ẹgbẹ́ àtúnṣe kò sì ní láti tú orúkọ síta: iye ni wọ́n ń gbé lọ sípàdé, orúkọ kì í jáde kúrò níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú rẹ̀.

8.6 Ìdájọ́

Ẹ̀rí tí a ní kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ẹgbẹ́ àtúnṣe nìkan lè fòpin sí àkóràn láti ara ìyá sí ọmọ. Kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé oògùn nìkan lè ṣe é. Cuba, tó jẹ́ orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ tí Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí sí ní 2015 pé ó ti borí àkóràn yìí, kò ní oògùn kankan tí ayé tó kù kò ní. Ohun tó ní ni ìtọ́jú aláboyún tó kan gbogbo obìnrin, tí ìgbésẹ̀ kan sì so mọ́ èkejì. Níbi tí ìjọba kò tíì lè so ó láti òkè, àwọn òṣìṣẹ́ àti àwọn ìyá lè bẹ̀rẹ̀ sí í so ó láti ìsàlẹ̀, bí wọ́n bá ń ka iye wọn láìbẹ̀rù, tí wọ́n sì ń gba ọgbọ́n lọ́wọ́ ara wọn. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń lọ ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé, kí ẹ tó béèrè oògùn tuntun, ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tí ìyá ti ń já sọ́nà lọ́dọ̀ yín.

Ìdánrawò

1. Ká ní nínú ìgbésẹ̀ márùn-ún tó wà ní 8.2, mẹ́rin ń ṣe 95 nínú ọgọ́rùn-ún, ìkarùn-ún sì ń ṣe 50. Ìyá mélòó nínú 100 ni yóò dé òpin? Ìgbésẹ̀ wo ni ẹ ó kọ́kọ́ tún ṣe, kí sì nìdí?

2. Kí ló mú kí èsì Amajuba àti ti Benue pẹ̀lú Kaduna yàtọ̀ síra? Ṣé àlàyé tí a ṣe ní 8.5 tẹ́ yín lọ́rùn? Ẹ gbè é tàbí kí ẹ takò ó.

3. Ẹ yan ilé ìgbẹ̀bí ìjọ kan tàbí ilé agbẹ̀bí kan ní àdúgbò yín. Ẹ ṣètò ìdánwò ọ̀sẹ̀ kan tí yóò jẹ́ kí aláboyún tó ń lọ síbẹ̀ rí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ gbà láìtú àṣírí rẹ̀, kí ẹ sì sọ iye tí ẹ ó kà láti mọ̀ bóyá ó ṣiṣẹ́.